Òkúta Abẹ́òkúta ní Ẹnu Òkun Èkó

Bí ọkọ̀ bá gbé ènìyàn dé Tarkwa Bay ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni omi tó dákẹ́. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje, ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn ìyá wọn jókòó sórí ẹní, àyà ẹnikẹ́ni kò sì já. Ó ṣòro láti gbà pé ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu omi yìí gan-an wà lára àwọn ibi tí àwọn atukọ̀ òkun ń bẹ̀rù jù ní gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Omi náà kò ṣàdédé dákẹ́. Òkúta ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́, láti ìlú mi sì ni wọ́n ti kó òkúta náà wá.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun, pé Olúmọ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé àwọn òkúta mìíràn wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí wọn kò jókòó sílé, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, tí wọn kò sì padà. Olùkọ́ ìtàn wa ní kíláàsì SS2 ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ó sì kọjá lọ sí orí iṣẹ́ mìíràn. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sí Èkó nígbà ìsinmi Kérésìmesì, ohun tí mo rí àti èyí tí mo kà lẹ́yìn náà ni mo sì ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí omi Èkó ṣe rí. Àwa ará òkè máa ń pe gbogbo omi ńlá ní òkun, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni òkun, ọ̀tọ̀ ni ọ̀sà. Ọ̀sà ni omi tó fẹ̀ lọ salalu lẹ́yìn ilẹ̀ iyanrìn, tí kò jìn púpọ̀, tí ó ń gba odò àwọn ẹlòmíràn sínú. Odò Ògùn ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sínú rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń gba ọ̀sà Lẹ́kí bá a. Yewa ń gba ọ̀nà Badagry wá. Gbogbo omi wọ̀nyí fẹ́ dé òkun, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí kì í dí ní gbogbo àyíká náà sì ni ẹnu Èkó. Ní àkókò òjò, omi odò a pọ̀, ọ̀sà a máa dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a wọlé, ọ̀sà a di omi iyọ̀. Ìtàn Èkó pàápàá ní orúkọ omi iyọ̀ yìí nínú: ogun tí Kòsọ́kọ́ fi gba orí ìtẹ́ lọ́wọ́ Akíntóyè ní ọdún 1845 ni wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò, nítorí pé nígbà tí ìjà náà le, omi iyọ̀ ni àwọn tí wọ́n há mọ́ ń rí mu.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni wàhálà wà. Omi ọ̀sà ń tì jáde, ìgbì òkun ń tì wọlé, iyanrìn tí àwọn méjèèjì gbé wá sì ń jókòó sí àárín wọn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ìgbì etíkun wa kì í gbá ilẹ̀ tààrà. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ó sì ń gbá ilẹ̀ ní ìdábùú. Nítorí náà iyanrìn etíkun kì í dúró lójú kan. Tọ̀sán-tòru ló ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, bí ẹni tó ń lọ ọjà tí kò sì ní dé ibẹ̀ láé. Bí ó bá dé ẹnu Èkó, ó ń kóra jọ lábẹ́ omi, ó ń di ebè gbọọrọ. Ebè yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar. Nígbà mìíràn omi tó wà lórí rẹ̀ kì í tó ẹsẹ̀ 10, ìgbì a sì máa fọ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ebè náà máa ń ṣípò. Ọ̀nà tí atukọ̀ gbà kọjá ní oṣù yìí lè má sí mọ́ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Wọ́n á ju ìdákọ̀ró sí ìta, nínú agbami, wọ́n á sì máa retí ọkọ̀ kékeré tí yóò wá kó ẹrù. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, inú àpótí onígi kan tí wọ́n ń pè ní mammy chair ni wọ́n á ti jókòó, ẹ̀rọ agbẹ́rù á gbé e sókè, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè sódò. Mo máa ń ronú nípa àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà. Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ, tàbí tí wọ́n kó òbí wọn lọ, tí wọ́n wá rí ọ̀nà padà láti Sàró, láti Brazil, láti Cuba. Wọ́n ti gun òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ń wo ilẹ̀ wọn lọ́ọ̀ọ́kán, síbẹ̀ ebè iyanrìn yìí ṣì wà láàrin àwọn àti ilé. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun rí i pé ó sàn kí wọ́n kó ẹrù Èkó lọ sí Forcados, ní agbègbè Niger Delta, kí wọ́n tú u sínú ọkọ̀ tí kò jìn nínú omi, kí ìyẹn sì tún gbé e padà wá sí Èkó. Ẹ rò ó wò: ẹrù tó ti Liverpool dé iwájú ilé, tó tún kọjá lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ó tó padà wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ìdènà fún oníṣòwò lè jẹ́ odi fún onílé. Mi ò rí ibi tí àwọn ìwé wa ti tẹnu mọ́ èyí tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gbógun ti Kòsọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn tó tóbi jù, HMS Penelope, kò lè kọjá ebè náà. Ìta ló dúró sí. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n rán wọlé, nínú wọn ni Bloodhound àti Teazer, àwọn méjèèjì ló sì rì mọ́ iyanrìn nínú ọ̀sà ní ọjọ́ kìíní ìjà náà, tí ìbọn àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì ń dún sí wọn láti etí omi. Kòsọ́kọ́ ti kan igi mọ́lẹ̀ nínú omi, ó ti to àgbá sí etíkun ìlú. Èkó jà. Ìbọn ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló borí níkẹyìn. Ìlú gbaná, Kòsọ́kọ́ sá gba ọ̀nà omi lọ, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tó yá. Ogun Àhóyaya ni àwọn ará Èkó sọ ogun náà, bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó yáyá lórí iná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akíntóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn nínú Penelope, lórí omi. Ó jọ mí lójú pé ọba Èkó ló jáde lọ bá ọkọ̀ náà nínú òkun, nítorí ọkọ̀ náà kò lè wọlé wá bá ọba.

Ọdún mẹ́wàá kò pé sí i, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ebè iyanrìn náà di ìṣòro ìjọba. Epo pupa àti ekuro ń jáde, aṣọ àti ọtí ń wọlé, owó bodè sì ni ìjọba náà fi ń jẹun. Ní ọdún 1892, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ńjíníà Coode ṣe àyẹ̀wò ẹnu omi náà, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi òkúta ṣe apá méjì wọ inú òkun lọ, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tí ọmọdé ń lò nígbà tó bá fi ìka pa ẹnu ẹ̀rọ omi: bí ọ̀nà bá há, omi a sáré. Omi ọ̀sà tó ń fà jáde láàrin apá méjèèjì yóò fúnra rẹ̀ máa gbá iyanrìn lọ, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn yóò sì máa ràn án lọ́wọ́. Ó dára lórí ìwé. Owó rẹ̀ ni kò sí.

Sir Walter Egerton, gómìnà tó dé ní ọdún 1904, ló mú ọ̀rọ̀ náà ní òkúnkúndùn. Ní ọdún 1906 wọ́n pa Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, owó tó ń wọlé láti ìhà Niger Delta sì di owó tí wọ́n lè fi ṣe rélùwéè àti èbúté. Rélùwéè ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Láti ọdún 1901 ló ti dé Ìbàdàn, ó sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá. Òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ òkúta ṣeé ṣe, nítorí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni Èkó ní. Kò ní òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ òkúta ní láti wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ ọ. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun. Ọkọ̀ ojú irin a kó o ní Arò, a rin bí ọgọ́ta máìlì dé Èkó, kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu òkun. Ọdún dé ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ Egerton wà nínú ìwé, wọ́n tilẹ̀ fi sọ ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kan. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbé òòlù ní Arò, tí òkúta ń ta sí lójú, mi ò rí i níbì kankan.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀. Ní gbogbo àkókò tí òkúta yìí ń lọ, Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ gómìnà Èkó. Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, tí àdéhùn ọdún 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà láti ilẹ̀ onílẹ̀ ni òkúta èbúté Èkó ti wá. Ọdún 1914 ni ọkọ̀ òkun ńlá kan tó ń jẹ́ Akoko kọ́kọ́ gba àárín àwọn apá òkúta náà wọ inú èbúté Èkó. Ọdún 1914 yìí kan náà ni wọ́n pa àríwá àti gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà, tí òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá sì dópin. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣáà jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni mo fojú ara mi rí ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo lọ bá ní Èbúté Mẹ́ta, ló kó èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ. Jẹ́tì CMS la ti wọkọ̀ ní bí agogo mẹ́rin ààbọ̀. Atukọ̀ náà jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà aláwọ̀ búlúù. Kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bú títí gbogbo wa fi di okùn ẹ̀wù agbóniléfòó wa, ó sì wá yẹ tèmi wò lẹ́ẹ̀kejì.

Bí a ti kúrò ní Marina, Àpápá wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, pẹ̀lú kíréènì tó ga bí ilé àti kọ̀nténà tí wọ́n tò bí páálí ìṣáná. Oòrùn ti ń lọ sí ìhà ọ̀hún. Ọyẹ́ wà lójú ọ̀run, nítorí náà oòrùn kò tàn yòò; ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Ojúoró léfòó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa, pẹ̀lú ike omi àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ní ọwọ́ òsì, omi Five Cowrie wá dà pọ̀ mọ́ tiwa, Victoria Island sì bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ara ọkọ̀ yí padà. Ọ̀sà ti ń rọ ọkọ̀ wa bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ń mí lábẹ́ wa.

"Ìyá, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má na ọwọ́ sómi o," ni atukọ̀ wí.

"A gbọ́, Bàbá, ẹ ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dáhùn.

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni òkúta náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó fi àgbọ̀n júwe iwájú. "Dúdú tó nà wọnú òkun yẹn. Móòlù ni a ń pè é. Kí lo fẹ́ fi òkúta ṣe?"

Mo ní ará Abẹ́òkúta ni mí, pé láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kó o. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, ẹni tó ń wá iyanrìn ni òun máa ń gbé, òun kò tíì gbé ẹni tó wá kí òkúta rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní kí Bàbá gbé wa kọjá òkúta náà díẹ̀, kí a rí òkun gidi. Bàbá mi orí. Ó ní, "Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru," ó sì yí ọkọ̀ sí ọ̀tún.

A kàn rí i pé omi dákẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀. Láti inú omi tó ń gbéni sókè ni a bọ́ sínú èyí tó tẹ́ bí omi inú ọpọ́n. West Mole ló dínà fún ìgbì, ìyẹn ni ó fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ èbúté yìí, kò sí etí omi jẹ́ẹ́ báyìí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà fún ọkọ̀ ẹrù ló ṣèèṣì ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún wa. Mo bọ́ sómi. Mo mọ odò Ògùn díẹ̀, ṣùgbọ́n omi yìí ń gbéni fúnra rẹ̀ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan tí wọn kò ju ọdún mẹ́jọ lọ ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lára mi bí ẹja, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ìparí etí omi náà, àwọn apẹja jókòó sórí òkúta pẹ̀lú ìwọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì gbé pákó wọn lọ sí ìhà tí ìgbì ti ń fọ́.

Èmi náà rìn lọ sí orí òkúta. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ìkarawun kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ṣì ń dán wínníwínní bí òkúta ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná nítorí oòrùn ọjọ́ náà.

Nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ni erékùṣù náà wà, ẹ̀yìn igi àgbọn ni oòrùn wọ̀ sí, kò wọ inú òkun bí mo ti rò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn bọ́ sí òdìkejì, sí ara àwọn ilé gogoro Eko Atlantic. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹjú mọ́. Ó ní, "Inú omi lẹ ń wò yẹn o. Rárá, iyanrìn ni tẹ́lẹ̀, kó tó di omi, kó tó di ilé." Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Ẹ rántí iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n da òkúta sí ọ̀nà rẹ̀, ó dúró. Ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach, ń fẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni iyanrìn ti ń kóra jọ. Ìhà ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì kò sì dẹ́kun jíjẹ tirẹ̀. Ìhà yẹn ni Bar Beach wà. Orúkọ ebè iyanrìn tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn ló wà lára rẹ̀, òun náà ló sì wá di ibi fàájì gbogbo Èkó: ibi tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà lórí iyanrìn, tí àwọn ọmọ ti ń gun ẹṣin nígbà ọdún. Láti ìgbà tí òkúta ti wà níbẹ̀, òkun jẹ ilẹ̀ náà lẹ́bàá East Mole ju kìlómítà kan lọ. Láti ọdún 1958 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí i, wọ́n sì tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Òkun ń kó o lọ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rántí ìgbà tí omi ń gun títì Ahmadu Bello. Níkẹyìn wọ́n pinnu láti da iyanrìn tó pọ̀ débi pé yóò di ìlú, kí wọ́n sì fi odi tí yóò gùn tó kìlómítà 8.5 dá òkun dúró. Eko Atlantic nìyẹn. Bar Beach wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ìgbì ya wọ Kuramo Beach ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ohun tó fà á. Èmi kì í ṣe onímọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ní etíkun yìí, ẹni tó bá ti ìgbì kúrò níwájú ilé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ilé ẹni tó lọ.

Àwọn tí wọ́n ń gbé Tarkwa Bay pàápàá mọ ohun tí omi dídákẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìran wọn ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní ilé, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ilé ìjọsìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan ń lu páìpù epo ní erékùṣù náà. Ìròyìn ìgbà náà fi hàn pé àkókò tí wọ́n fún wọn láti kó ẹrù kò tó nǹkan. Bí olè bá wà níbẹ̀, kí wọ́n mú olè. Ọmọ ilé ìwé tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò lu páìpù. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà kan lè má fara mọ́ ọn. Mo ka àwọn ìpìlẹ̀ ilé tí kò ní ògiri mọ́ bí a ti ń padà sí ọkọ̀, mo kà á dé mọ́kànlá kí iyanrìn tó bo ìyókù mọ́ mi lójú. Bàbá atukọ̀ dúró dè mí, kò sì sọ nǹkan kan.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí a ṣí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lórí omi. A kò tíì jìnnà tó fi pa ẹ́ńjìnnì dà sí kékeré, ó sì fà sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ òkun kan ń bọ̀ láti ìta, ó ti tan iná, kọ̀nténà kún orí rẹ̀ pitimu. Ó ga débi pé a ní láti gbé orí sókè kí a tó rí òkè rẹ̀. Ó gba àárín òkúta méjèèjì wọlé jẹ́jẹ́, láìpariwo, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà òun ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka kọ̀nténà, ó sì pàdánù iye tó kà. Bàbá ní kí a di ìjókòó mú. Ọkọ̀ náà ti kọjá tán kí ìgbì rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé wa sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ fọ́ sára òkúta.